Ẹnu Ta Ni A Ti Ń Gbọ́ Ìtàn Bàbá Tó Ti Lọ?

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, Kùtọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọkọ̀ àgbàdo àti ẹ̀wà tó ń wà láti Kétu lọ sí Ìmẹ̀kọ títí dé Abẹ́òkúta ló fi tọ́ àwa ọmọ mẹ́fà dàgbà. Ní ìparí ọdún yìí ni yóò pé ọdún kan tí wọ́n ti lọ. Mo fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, kí a lè kà á níbi àdúrà ìrántí, kí àwọn ọmọ wa tí wọn kò gbọ́ ju Faransé lọ sì lè mọ ẹni tí bàbá àgbà wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n 'né vers 1945', pé wọ́n bí wọn ní nǹkan bí ọdún 1945, nìkan ló wà nínú ìwé wọn. Bí mo bá bi ìyá mi, wọ́n á ní kí n jẹ́ kí òkú sinmi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n wá oríkì, kí n kọ ohun rere nìkan, ó tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tirẹ̀ sọ pé bí n kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mú òun kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1985, tí wọ́n sì fi àwọn ọkùnrin sílẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ ni mo kọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á bá wa tọ́jú ìyá tó kù. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ó hàn sí mi pé kì í ṣe ọjọ́ ìbí ló ń dà yín láàmú, kì í sì í ṣe oríkì. Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ rò pé bàbá kan ṣoṣo tí gbogbo ilé á fọwọ́ sí ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ, ẹ sì ti rí i pé bí ẹ bá kọ ti àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin, ẹ ó ṣẹ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, bí ẹ bá sì kọ ti obìnrin, àwọn ọkùnrin á ní ẹ ba òkú bàbá jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ìdílé kọ irú ìtàn báyìí ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀ àti ní Ṣàkẹ́tẹ́. Mi ò tíì dé ilé kan tí ìyàwó, àkọ́bí, àbígbẹ̀yìn àti ọ̀rẹ́ ti mọ ọkùnrin kan náà. Ẹni tó lọ ti pín ara rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó lọ. Ẹ lọ gba ìpín kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún sí i, kí ẹ má sì pò ó mọ́ ti ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọdún ìbí kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù. Nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní abúlé ni kò sí ẹni tó kọ ìbí wọn sínú ìwé. Ọjọ́ tí irú wọn bá fẹ́ gba ìwé kan lọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n tó ń lọ síwájú adájọ́ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n lè gba jugement supplétif, ìwé ilé ẹjọ́ tó ń dúró fún ìwé ìbí. Adájọ́ á gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí, á wo ojú ẹni, á sì bu ọdún kan fún un. Ibi tí "vers" ti wá nìyẹn. Bàbá yín lè fi ọdún bíi mẹ́ta ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ lè rí ni ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1 oṣù kẹjọ 1960, ṣé ó ti ń tẹ̀lé ọkọ̀ ni, àbí ó ṣì ń bá bàbá tirẹ̀ lọ sóko? Nígbà ogun Bìáfúrà, láti 1967 sí 1970, ṣé ó ń wọ Nàìjíríà? Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ológun Mathieu Kérékou gbàjọba níhìn-ín, 26 oṣù kẹwàá 1972, ọkọ̀ ta ni ó ń wà? Fún awakọ̀ ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, ìbéèrè kan tilẹ̀ wà tó dára ju gbogbo èyí lọ. Títí di 2 oṣù kẹrin 1972, apá òsì títì ni wọ́n ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lélẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ni àwa ń gbà níhìn-ín. Ẹni tó bá wakọ̀ kọjá ẹnubodè Ìlárá ṣáájú ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ yí apá padà ní kété tó bá wọ ọ̀hún, kó tún yí i padà nígbà tó bá ń bọ̀ wálé. Awakọ̀ tó ṣe é kò lè gbàgbé. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun àti bàbá jọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé bàbá ti di ẹni tí wọ́n ń fi ọkọ̀ lé lọ́wọ́ kí 1972 tó dé. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọmọ-ọmọ ju ọdún tí adájọ́ fojú bù lọ.

Ní ti oríkì, àwọn ẹ̀gbọ́n yín kò burú bí wọ́n ṣe ní kí ẹ wá a. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé oríkì ìdílé yín, bí wọ́n ṣe ń kì í fún bàbá yín ni wọ́n ń kì í fún bàbá rẹ̀ àti fún àbúrò rẹ̀. Ó ń sọ ibi tí ẹ ti ṣẹ̀, ohun tí ẹ kì í jẹ, ogun tí ẹ jà. Kò lè sọ pé ọkùnrin kan wà tó máa ń jí kí àkùkọ tó kọ láti lọ bu omi sí ẹ̀rọ ọkọ̀. Kétu kì í fi ọ̀rọ̀ ìrántí ṣeré. Oyè Bàbá Ẹlẹ́gùn wà ní ìlú yín, ìdílé kan ló ń jẹ ẹ́, iṣẹ́ wọn sì ni pé kí wọ́n mọ ìtàn ìlú àti orúkọ gbogbo Alákétu sórí, kí wọ́n kà á láìfo ẹnikẹ́ni nígbà tí a bá ń fi ọba tuntun jẹ. Ogun ọba Dàhòmì fọ́ ìlú yìí ní 1886, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, síbẹ̀ orúkọ àwọn ọba kò sọnù. Ọba ní ẹni tó ń ka tirẹ̀, awakọ̀ kò ní irú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é fún irú bàbá yín ni àwọn ìyàwó ilé. Nítorí náà, ẹ má lọ bá olórí ẹbí lórí èyí. Ẹ wá ìyàwó ilé tó ti pẹ́ jù nínú agbo ilé yín tí ohùn rẹ̀ ṣì já gaara, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó kí bàbá yín bí ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ẹ ó gbọ́ ìlà kan tàbí méjì tí ẹ kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹni tó ń kí àbúrò rẹ̀. Ìyẹn ni tirẹ̀ gan-an. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi fi kún un, ìtàn wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí. Ẹ rò pé wọn kò fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ opó tó dákẹ́ báyìí, ìdí tí mo sì sábà máa ń bá nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé wọn kò fẹ́. Ẹ ronú nípa ohun tí ojú wọn ti rí láti ìgbà tí bàbá ti lọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ fún opó bí yóò ṣe jókòó, aṣọ tí yóò wọ̀, ìgbà tó lè jáde. Àwọn ará ilé ọkọ sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí bí opó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe, ohun tó rà, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé ogún ló ń wá. Ẹni tó ti gbọ́n á pa ẹnu mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹ bá ní kí wọ́n sọ nípa bàbá, ẹni tí ẹ ń béèrè kọ́ ni wọ́n mọ̀. Bàbá yín, ọkọ tiwọn ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó wáyé, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní nǹkan kan. Apá kan wà níbẹ̀ tí kò kan ọmọ rárá, ó sì yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹ bá tún lọ bá wọn, ẹ má jókòó síwájú wọn pẹ̀lú bíírò àti ìwé. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, bóyá wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tàbí wọ́n ń ká aṣọ. Ẹ má sì béèrè ọdún. Oyún àti ọmọ títọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń ka ọdún: "nígbà tí mo wà nínú oyún ẹ̀gbọ́n rẹ", "kí n tó já àbúrò rẹ lẹ́nu ọmú". Ẹ béèrè ibi tí bàbá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ránṣẹ́ pè é, ohun tó gbé bọ̀ láti ọ̀nà. Ọmọ mẹ́fà ni yín, ìkúnlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n á fi rìn la ayé rẹ̀ já fún yín. Bí ẹ bá tún ní ohun èlò rẹ̀ kan nílé, ẹ gbé e wá, kí ẹ gbé e kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ìyá àgbà kan wà ní Pọ́bẹ̀, opó káfíńtà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n bá àwọn bẹ̀ kó sọ̀rọ̀. Kò dá èmi náà lóhùn. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé àpótí irinṣẹ́ bàbá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ṣí i. Ìyá náà mú ìfági jáde, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ojú irin rẹ̀ wò, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ kúrò, ó wá gbé e sí ọwọ́ òsì, ó sì tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan nínú afẹ́fẹ́. Ó ní, "Báyìí ló ṣe ń lò ó." Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá wọn, nítorí lójú ènìyàn, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń gba nǹkan. Àfi bó bá ku òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ní ṣọ́ọ̀bù ló tó ń jẹ́ kí ọwọ́ òsì ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ibẹ̀ ni ìyá ti sọ bó ṣe kan ilẹ̀kùn fún ilé bàbá òun, kó tó di pé ó wá tọrọ òun, tí gbogbo ilé ní ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí ibi tí kò yẹ. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Bàbá yín náà á ti fi nǹkan sílẹ̀: ìwé awakọ̀, rédíò, fìlà tó fi ń wakọ̀, sípánà kan. Ẹ wá a.

Kò sì dájú pé èyí á ṣiṣẹ́. Bí ìyá yín bá wo rédíò náà, tí wọ́n sì ní kí ẹ gbé e padà, ẹ gbé e padà. Kò sí ìwé kan tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ fi ipá la ẹnu opó. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìtàn náà pé apá kan wà lọ́wọ́ ìyá tí wọn kò tíì sọ, kí ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún un.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ kò dárúkọ ọ̀rẹ́ bàbá kan ṣoṣo nínú lẹ́tà yín. Ọjọ́ mélòó ni awakọ̀ fi ń wà nílé nínú ọ̀sẹ̀? Ìdíkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ayé rẹ̀ wà. Ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ ń wakọ̀, ẹ wá àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tí àwọn náà ti di bàbá báyìí, ẹ wá mẹkáníìkì rẹ̀ àti obìnrin tí bàbá máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó dàgbà jù tàbí tí ara rẹ̀ kò le ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà rẹ̀ jìn, kí ẹ fi àwọn tó wà nítòsí sẹ́yìn. Ẹ má bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni bàbá. "Ènìyàn dáadáa ni" ni gbogbo wọn á sọ, ẹ ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ béèrè ohun tó máa ń ṣe bí èrò bá gun ọkọ̀ tán tí kò ní owó. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é, ohun tó ń mú un bínú. Orúkọ ìnagijẹ yẹn pàápàá, ẹ má fojú di í. Àwọn ẹgbẹ́ ẹni ló ń rí ìwà ẹni tí wọ́n fi ń sọni lórúkọ.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ṣe mí jù nínú lẹ́tà yìí. Ẹ wo ọdún tó dá dáadáa. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà yí àwọ̀ náírà padà, wọ́n sì ti ẹnubodè kí owó àtijọ́ má bàa padà wọlé. Ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, oníṣòwò àti awakọ̀ tó tọ́jú náírà sínú àpótí di ẹni tó ń ṣọ́ bébà, nítorí kò rí ọ̀nà gbé e lọ pààrọ̀. Ẹni tó sì jẹ́ pé ọ̀nà Ìmẹ̀kọ nìkan ló ń jẹ, oúnjẹ rẹ̀ dúró. Àwọn kan gba ọ̀nà igbó, àwọn kan ta ọkọ̀. 1985 bọ́ sí àárín ìyà yẹn. Mi ò mọ bàbá yín, mi ò sì lè sọ pé ohun tó fà á nìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdíkọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí kò lẹ́nu sọ fún ọmọ rẹ̀ ló sọ fún wọn. Bí ẹ bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbèjà bàbá, nítorí ìbéèrè kan ṣì wà tí ẹnubodè kò lè dáhùn: kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọbìnrin ni ó yọ, tí àwọn ọkùnrin ń bá a lọ? Ẹ̀gbọ́n yín ti gbé ìbéèrè yẹn rìn fún ogójì ọdún. Ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé e kalẹ̀ nínú ìwé bàbá rẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe wọ inú ìwé náà? Bí ẹ bá fò ó, àdúrà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín kò ní ka ìwé náà sí tirẹ̀, kò sì ní sọ ìkankan nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹnu ara yín kọ ọ́, ẹ ti sọ ara yín di adájọ́ láàrin bàbá àti ọmọ, lórí ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹ̀ sí yín. Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin náà sọ tiwọn lábẹ́ orúkọ tiwọn. Wọ́n á ní ẹyin lohùn. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ kà á lọ́jọ́ àdúrà. Ojú ewé kan ni kí ẹ kà lọ́jọ́ náà: ibi tó ti wá, ọ̀nà tó rìn, àwọn tó fi sílẹ̀, ìtàn kan tàbí méjì láti ìdíkọ̀. Ẹ fi han àlùfáà tàbí pásítọ̀ tó máa ṣe àdúrà náà ṣáájú. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ ohun ìtìjú. Mi ò fẹ́ kó jókòó láàrin àwọn àlejò kí gbogbo wọn máa yíjú wò ó ni. Ìwé tó kún ni ti ilé, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọkùnrin kọ̀ síbẹ̀, mo ti rí ilé tí iṣẹ́ dúró sí nítorí irú èyí. Ẹ kò lè fi ipá mú wọn. Ẹ máa kó tiyín jọ, kí ẹ fi àyè wọn sílẹ̀.

Fóònù yín tó láti gba ohùn sílẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ wà àti ibi tí ẹ wà, torí ohùn tí kò lórúkọ á di ohùn àjèjì láìpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ fi ránṣẹ́ sí ènìyàn méjì mìíràn, fóònù máa ń sọnù. Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu, kí ẹ má tún ohùn ìyá yín ṣe. Bó bá jẹ́ ɛ àti ɔ, dípò ẹ àti ọ, ni wọ́n fi kọ́ yín ní kíkà, ẹ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ọ́ di Faransé fún àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹ bá ti ní ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bó ti wù kó rí wúruwùru, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á, màá sì sọ ẹni tí mo rò pé ẹ kò tíì lọ bá.